Alùpùpù Tí Orúkọ Bọ́ Lára Rẹ̀

Láti Sokodé dé Tchamba ní Tógò kò jìnnà, nǹkan bíi kìlómítà 36 ni. Bí o bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà náà lọ́jọ́ ọjà, tí o ń ka orúkọ tó wà lára táǹkì àwọn alùpùpù tó ń kọjá, Haojue, Sanya, Apsonic, Boxer àti TVS ni wàá máa kà títí ojú á fi rẹ̀ ọ́. Yamaha lè yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí tán. Ti Honda, o lè dúró dé ìrọ̀lẹ́ kí o má rí i.

Bẹ́ẹ̀ ìgbà kan wà, tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, tó jẹ́ pé Jàpáànù ni alùpùpù, alùpùpù sì ni Jàpáànù. Olùkọ́ tí ìjọba gbé lọ sí Kambolé lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì tó ń ti abúlé dé abúlé gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́, àlájì tó ń ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀, Yamaha, Suzuki tàbí Honda ni wọ́n ń gùn, àfi ẹni tí kò tíì lè fi mobílẹ́ẹ̀tì àwọn Faransé sílẹ̀. Yamaha Mate ni mo rántí jù. Kò ga, kò wúwo, obìnrin tó ró ìró lè gùn ún láìká aṣọ rẹ̀ sókè, nítorí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ìjókòó àti ọwọ́ ìdarí. Bó bá kọjá tán, èéfín rẹ̀ á ṣì dúró lórí eruku pupa, òórùn ọ́ìlì tó jóná á wọnú ilé wá. A fẹ́ràn òórùn yẹn. Òórùn ẹni tó rí jájẹ ni.

Àárò ìgbà náà ń sọ mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ lérán tí mo rò ó dáadáa, èéfín àti orúkọ ara táǹkì kọ́ ló ń dùn mí. Ẹnì kan wà lókèèrè tí kò mọ̀ wá rí, tó jókòó, tó ro irú ọ̀nà tí a ń rìn, tó sì ro irú ọwọ́ tí yóò tú ohun tí òun ṣe palẹ̀ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Ìrònú yẹn ni mo ń wá báyìí nígbàkúùgbà tí mo bá ń kà nípa ọnà ilẹ̀ Jàpáànù òde òní, tí gbogbo ayé ń yìn. Mo ń rí ẹwà níbẹ̀ púpọ̀. Ara wa ni mi ò rí níbẹ̀ mọ́.

Ìlú kan wà ní Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní Hamamatsu. Ibẹ̀ ni Torakusu Yamaha ti ṣe dùùrù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1887, òun ló fà á tí irin mẹ́ta tí wọ́n fi ń yẹ ohùn dùùrù wò fi wà nínú àmì Yamaha títí dòní. Fọ́ọ̀kì ìjẹun lèmi rò pé ó jẹ́ nígbà èwe mi. Ibẹ̀ ni Soichiro Honda ti kó àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun fi ń fún rédíò wọn níná jọ, tó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ní 1946, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí ìyàn mú. Ibẹ̀ náà ni Michio Suzuki ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1909, alùpùpù kọ́ ló sì ń ṣe nígbà náà o, òfì ìhunṣọ ni. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí Sakichi Toyoda sí, ọmọ káfíńtà, tó gba ìwé àṣẹ lórí òfì onígi ní 1891. Èyí tó ń dá hunṣọ fúnra rẹ̀, tó ṣe parí ní 1924, dára débi pé Platt Brothers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ti ń ta ẹ̀rọ ìhunṣọ fún gbogbo ayé, wá ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1929. Ọmọ rẹ̀, Kiichiro, ló wá yíjú sí mọ́tò. Toyota tó ń kó èrò láti Lomé gòkè wá sí Sokodé, inú òfì ló ti jáde.

Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá gba àárín àpáta Alédjo kọjá lọ sí Bafilo, níbi tí àwọn Kotokoli ti ń hunṣọ títí dòní. Mi ò ní sọ pé òfì Bafilo ì bá ti di mọ́tò. Ọ̀rọ̀ amúnisìn, ilé ẹ̀kọ́ àti owó wà níbẹ̀, kò ṣeé sọ tán nínú gbólóhùn kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tó ṣe alùpùpù yẹn fún wa kì í ṣe olówó nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Bọ́ǹbù ti jó ìlú wọn, ọ̀nà wọn jẹ́ erùpẹ̀ àti ẹrẹ̀, epo wọ́n lójú ọpọ́n. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá ìrọ̀rùn fún.

Wo Super Cub tí Honda gbé jáde ní 1958. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ láti búkà lọ sí ilé oníbàárà ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọ náà ní láti fi ọwọ́ kan gbé àwo, kó fi ọwọ́ kejì wa alùpùpù, nítorí náà wọ́n yọ kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ kúrò. Ẹrẹ̀ ń ta sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ike gbòòrò bo iwájú orúnkún rẹ̀. Gbogbo ọnà tó wà lára rẹ̀ ló ní ìdí tí o lè fi ìka tọ́. Nígbà tó fi di 2017, wọ́n ti ṣe ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù rẹ̀, kò sí ohun ìrìnnà elẹ́ńjìnnì mìíràn lórílẹ̀ ayé tó tó bẹ́ẹ̀ níye. Ní 2025, Honda dáwọ́ ṣíṣe àwọn oní-50cc dúró ní Jàpáànù, nítorí òfin èéfín tuntun àti nítorí pé àwọn tí ń rà á níbẹ̀ ti dín kù. Mo ka ìròyìn náà, ó sì ṣe mí bí ẹni pé wọ́n kéde òkú ẹnì kan tí mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni CG125, tó jáde ní 1976. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí kò sí ìwé ọnà kan tí mo rí tó fún un ní ìyìn tó tọ́ sí i.

Honda ti ní ẹ́ńjìnnì 125cc mìíràn ṣáájú, CB125, tó yá, tó dùn ún gùn. Ẹ́ńjìnnì ọmọ ọba ni. Kámù rẹ̀ wà lókè, ṣéènì kékeré kan ló ń yí i, ọ́ìlì tó mọ́ sì gbọ́dọ̀ máa dé ibẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn ará Honda wá rìnrìn àjò lọ sí àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń lo alùpùpù lóòótọ́. Wọ́n rí ohun tí gbogbo wa mọ̀: ọ́ìlì tí kò sẹ́ni tó pààrọ̀ títí tó fi dúdú, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku ti dí, ṣéènì tó gbẹ tó ń ké, àti ẹrù tó pọ̀ ju èyí tí ìwé gbà láyè lọ. Olówó mìíràn ì bá ti kọ ìwé ìkìlọ̀ fún oníbàárà pé kó máa tọ́jú ohun ìní rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí padà sílé, wọ́n gbé kámù sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì wà, wọ́n fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ti fáàfù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, àwọn ẹlẹ́ńjìnnì ìgbà náà ti ń fojú àná wò ó. Wọ́n bo ṣéènì látòkè délẹ̀ kí eruku má ráyè wọ̀ ọ́. Kò yá tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lọ níbi tí tọ̀hún á ti kú.

Lójú tèmi, ìtẹríba wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹ́ńjìnníà tó lè ṣe ohun tó ga jù, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí tó rọrùn nítorí mẹkaníìkì kan lábẹ́ igi máńgòrò, tí kò ní ju sípánà mélòó kan, wáyà àti òòlù lọ. Pakísítànì ṣì ń ṣe CG125 di àkókò yìí. Ní Bràsíl, ẹ̀yà rẹ̀ ló wà lójú títì jù.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tó gbé Jàpáànù kúrò lójú ọ̀nà wa, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ wọn bàjẹ́. Ní òpin 1992, ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogboogbò bẹ̀rẹ̀ ní Tógò, ó ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọkọ̀ kò sí mọ́, iṣẹ́ kò sí, ẹni tó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Zémidjan tí wọ́n ti mọ̀ ní Cotonou wá di ti Lomé, ó sì gòkè wá sọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni January 1994 dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, owó CFA dín sí ìdajì: 50 CFA tó ń pààrọ̀ franc Faransé kan di 100. Gbogbo ohun tó bá ti òkèèrè wá, owó rẹ̀ fò sókè. Ó wá di pé àwọn tó ń fẹ́ alùpùpù pọ̀ sí i lójijì, àwọn tó lágbára àti ra ti Jàpáànù tuntun sì ń tán lọ. Ṣáínà bá gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé. Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ agbàṣe lóko ẹlòmíràn ní Tchamba lè tọ́jú owó ọdún méjì kó ra alùpùpù tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bú alùpùpù Ṣáínà, kó rántí ìyẹn náà.

Mo bi àgbà mẹkaníìkì kan ní Kambolé léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, “Bàbá, nínú gbogbo èyí tọ́wọ́ yín ti kàn, èwo lẹ fẹ́ràn jù?”

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lórí àkísà. “Ọmọ mi, gbogbo wọn Jàpáànù náà ni. Fìlà ni wọ́n pààrọ̀.”

Òótọ́ ló sọ, ó ju bó ṣe mọ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Haojue ti bá Suzuki ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jincheng, tí àwọn ọlọ́kadà Nàìjíríà gùn títí tí wọ́n fi gbàgbé pé ohun mìíràn wà, láti ara AX100 Suzuki ló ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́. TVS ti Íńdíà àti Suzuki jọ ṣe alùpùpù títí di 2001. Boxer tí Bajaj ń ṣe, Kawasaki ni wọ́n kọ sí i lára pọ̀ mọ́ Bajaj nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ́ńjìnnì CG yẹn ńkọ́? Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà tó ṣe àwòkọ rẹ̀ kò lóǹkà. Ẹ tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù olówó pọ́ọ́kú tó dúró sí ìyànà ọjà Sokodé, ẹ wo inú rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ọ̀pá méjì tí ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1976. Irin tí wọ́n fi rọ ọ́ lè má tó ti àtijọ́. Bóòtù rẹ̀ lè yí dànù lọ́wọ́ ẹ. Ìrònú inú rẹ̀ ṣì pé.

Kí àwọn ará Jàpáànù tó bínú pé wọ́n jí iṣẹ́ wọn, kí wọ́n rántí ti wọn. Lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń pariwo pé Jàpáànù ń ṣe àwòkọ ọjà àwọn, wọ́n ń gbé méjèèjì síra fún àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n wò ó. Ojú ti ìjọba Jàpáànù. Ní 1957 ni wọ́n dá àmì G sílẹ̀, ẹ̀bùn fún ohun èlò tí ọnà rẹ̀ dára tó sì jẹ́ ti ẹni tó ṣe é. Ní 1959 wọ́n ṣe òfin sí i lórí ọjà tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sókèèrè. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó bí ọnà Jàpáànù tí a mọ̀. Àwọn ọmọ bíi Kenji Ekuan ló kún àkókò náà. Wọ́n bí i ní 1929, ọmọ àlùfáà Búdà, ó pàdánù àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú bọ́ǹbù Hiroshima, bàbá rẹ̀ náà sì kú lẹ́yìn rẹ̀. Nínú eérú ìlú yẹn ló ti pinnu pé ohun tí ọwọ́ èèyàn lè dì mú lòun ó máa ṣe. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ GK ló ya àwòrán YA-1, alùpùpù Yamaha àkọ́kọ́, ní 1955, wọ́n sì bá Yamaha lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgò Kikkoman olórí pupa tí ẹ ń rí lórí tábìlì ilé oúnjẹ káàkiri ayé, tirẹ̀ ni, 1961. Ó kú ní 2015.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní alùpùpù nìkan kọ́. Òótọ́ ni. Rédíò National wà, tí àpò awọ bò, tí wọ́n gbé sí etí ìloro mọ́sáláṣí kí àwọn àgbà lè gbọ́ ìròyìn ní èdè Haúsá láti Jámánì tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ National gan-an kò sí mọ́: ní 2008 ilé iṣẹ́ Matsushita gba orúkọ Panasonic pátápátá. Sanyo wọnú Panasonic, ó parẹ́. Àwọn ará Taiwan ra Sharp ní 2016. Tẹlifíṣọ̀n Toshiba di ti Hisense, ará Ṣáínà. Àwọn orúkọ tí àwọn bàbá wa ń fi yangàn nínú yàrá àlejò ti di orúkọ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tí wọ́n ń ta ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Aago Seiko 5 sì wà, èyí tí mo fẹ́ràn ju rédíò lọ. Ó jáde ní 1963. Ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé ní Sokodé, bí kò bá so ó mọ́wọ́, ó gbé e bọ̀ fún àna rẹ̀. Kò lo bátìrì, bí ọwọ́ ẹ bá ti ń mì, ó ń yí ara rẹ̀. Èyí tí a fi ń yí i, wọ́n fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, níbi aago mẹ́rin, kì í sì í gún ọ ní ọrùn ọwọ́ nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, tàbí nígbà tí o bá fọwọ́ ilẹ̀ kírun. Ojú kan náà ni ọjọ́ àti déètì ti ń yọ, wọ́n sì ń ṣe òmíràn tí orúkọ ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ èdè Lárúbáwá, fún ọjà àwọn Lárúbáwá. Ìyẹn làwọn àlájì ń wá. Ní 2019 Seiko tún orúkọ 5 gbé jáde lọ́tun fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣoge. Ó rẹwà. Olówó ìlú ńlá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ báyìí.

Kí wá ni Jàpáànù ń ṣe lónìí? Wọ́n ń ṣe ohun tó dákẹ́. Ilé ìtajà Muji, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980 pẹ̀lú ọjà 40 péré, ń ta ohun èlò tí kò ní àmì kankan lára: ago, ìwé, àpótí, aṣọ, gbogbo wọn ní àwọ̀ owú tàbí ti eérú. Naoto Fukasawa ya àwòrán ẹ̀rọ orin tí a ń gbé kọ́ ara ògiri, tí okùn kan ń ti ara rẹ̀ wálẹ̀. Bí o bá fà á, orin bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Shibuya ní Tokyo, láti 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò 17 tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ lé àwọn ayàwòrán ilé tó lókìkí jù lọ́wọ́. Ti Shigeru Ban, díńgí ni ògiri rẹ̀, o ń rí inú rẹ̀ kedere láti ìta kí o lè mọ̀ pé ó mọ́ àti pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Bí o bá wọlé tí o ti ìlẹ̀kùn, díńgí náà á di èyí tí ojú kò lè là kọjá. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyá mi ní Kambolé kí ẹ gbọ́ ẹ̀rín. Ilé iṣẹ́ TOTO ti ń ta ìjókòó ìyàgbẹ́ tó ń fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ìdí láti 1980, gbogbo ayé sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọgbọ́n náà. Omi kọ́ ló jẹ́ tuntun níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní búta lẹ́yìnkùlé.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orílẹ̀-èdè tí nǹkan bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn rẹ̀ ti kọjá ọdún 65 kò lè máa ṣe ọnà fún ọmọ tó ń sá gbé oúnjẹ kiri. Ìkaye ilé wọn ní 2023 bá ilé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀. Ó di dandan kí ọwọ́ wọn yí sí àga tí arúgbó lè dìde lórí rẹ̀, síbí tí ọwọ́ gbígbọ̀n lè mú, ilé ìyàgbẹ́ tí kì í dẹ́rù ba ẹni tó dá wà. Ojúlówó ọnà ni. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 1958, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ṣì ń wò. Ẹsẹ̀ náà ló ti dàgbà, tó ti kúrò lórí erùpẹ̀. Ọdún mélòó kan péré ni ẹsẹ̀ wọn àti ẹsẹ̀ wa fi jọ wà lórí irú ọ̀nà kan náà. Èyí tí à ń pè ní ayé àtijọ́ tó dára, ìpàdé ẹ̀bá ọ̀nà ni.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá mi rìn, Soetsu Yanagi, tó kú ní 1961. Ó ń yin ohun èlò tí ọwọ́ aláìlórúkọ ṣe: ìkòkò ọbẹ̀, aṣọ iṣẹ́, abọ́ tálákà. Ó ní ẹwà tòótọ́ ń bẹ nínú ohun tí wọ́n ṣe púpọ̀, tí kò wọ́n, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, tí ẹni tó ṣe é kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ní 1936 ó ṣí ilé kan sílẹ̀ ní Tokyo láti kó irú wọn jọ. Ọmọ rẹ̀ Sori di ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọlọ́nà ilẹ̀ náà. Ìjókòó onípákó tó ṣe ní 1954, tó dà bí labalábá tó na apá, olówó ló ń rà á lónìí. Muji náà sọ pé ohun tí kò lórúkọ lòun ń tà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tó gbajúmọ̀ jù ní Jàpáànù.

Ibo ni ohun èlò aláìlórúkọ Yanagi wá wà? Mo rò pé abẹ́ ìdí wa ló wà. Ẹ́ńjìnnì CG tí ẹgbàágbèje ọwọ́ ti rọ ní Ṣáínà, tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ yà á, tí àgbẹ̀ fi ń ti oko iṣu gba orí erùpẹ̀ bọ̀ sí ọjà Tchamba, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń tú palẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Kò sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Tokyo tí yóò gbé e sórí tábìlì funfun. Bí mo bá jẹ́ alákòóso irú ilé bẹ́ẹ̀, èmi ìbá ra ọ̀kan lọ́wọ́ onízémidjan, pẹ̀lú ìjókòó tí wọ́n ti rán lẹ́ẹ̀mejì àti táyà inú àtijọ́ tí wọ́n gé láti fi di ẹrù, ìbá sì gbé e sáàárín gbọ̀ngàn bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀la ló kù, inú mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ síbẹ̀. Láti 2022 ni alùpùpù oníná ti ilé iṣẹ́ Spiro ti wà lójú títì Lomé àti Cotonou. Kò pariwo, kò rú èéfín, bí iná bátìrì bá fẹ́ tán, onízémidjan á yà sí ibùdó wọn, á gba èyí tó kún. Ohun tó dára ni. Ẹni tó bá ti fi bẹntiró inú ìgò ṣiṣẹ́ látàárọ̀ kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n bátìrì náà dì pa. Kò sí ohun tí mẹkaníìkì abẹ́ igi lè fi sípánà ṣe sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sin ọ̀gá ní Sokodé, tí wọ́n pa adìyẹ tí wọ́n se ìrẹsì lọ́jọ́ òmìnira rẹ̀, inú ikùn irin ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún irú ọwọ́ rẹ̀ ló bọ́ ọ.

Honda, Yamaha, Suzuki àti Kawasaki ti ronú kan ọ̀rọ̀ bátìrì náà. Ní 2019 àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n ti ń bára wọn díje fún ọ̀pọ̀ ọdún, jọ jókòó. Ní 2021 wọ́n fẹnu kò lórí bátìrì kan ṣoṣo tí yóò máa wọ alùpùpù gbogbo wọn. Ní 2022 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Gachaco sílẹ̀ láti máa pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Jàpáànù. Ìgbà tí mo kà á, mo dìde lórí àga. Irú ìrònú 1976 ni: kí ohun èlò má ṣe ti oníbàárà mọ́ ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo. Ní ọjà tiwa, ẹni tó bá ta alùpùpù fún ọ ló ni bátìrì, òun ló ni ibùdó, òun ló ń sọ iye tí wàá san, kò sì sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ kankan, bíi Ládípọ̀ ti Èkó, tí wọ́n ti máa bi ọ́ bóyá ojúlówó Japan lo fẹ́ ni àbí àwòkọ Taiwan.

Jàpáànù ni bátìrì tó bá gbogbo alùpùpù mu yẹn ṣì wà, níbi tí àwọn tó nílò alùpùpù ń dín kù. Àwọn tó nílò rẹ̀ ń pọ̀ sí i níhìn-ín. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọnà wọn ní ọ̀la tó ju inú yàrá arúgbó àti ilé ìtajà olówó lọ, kí wọ́n tún rán ẹnì kan wá bí àwọn ti CG ṣe jáde lọ wo ayé. Kó má dúró ní Lomé. Kó wọ ọkọ̀ gòkè wá sí Sokodé, kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún sí Tchamba, kó dé Kambolé nígbà ìkórè, kó ka iye iṣu, iye ọmọ àti iye kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lórí alùpùpù kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà kó gbé bátìrì rẹ̀ lọ síwájú bàbá mẹkaníìkì yẹn, kó sì múra sílẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í: “Ibo la ti ń tú u?”